Èmi Ló Kàn: Ìrìnàjò Gbólóhùn Kan láti Abẹ́òkúta dé Eneka

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, ọdún 2022, Aṣíwájú Bọ́lá Ahmed Tinúbú bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú APC ti Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta. Nínú ọ̀rọ̀ gígùn tí ó sọ, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ èdè Yorùbá, gbólóhùn kan ni ayé mú: Èmi ló kàn. Kò pẹ́ rárá tí gbólóhùn náà fi gba orí Twitter, Facebook àti WhatsApp kan. Ó hàn lára ṣẹ́ẹ̀tì àti fìlà, àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn alátakò fi ń bú, àwọn alátìlẹ́yìn sì fi ń yangàn. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn onímọ̀ ìṣèlú ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ohun tí ó ṣe fún ẹni tí ó sọ ọ́. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ohun tí wọ́n ṣe fún gbólóhùn náà fúnra rẹ̀.

Èrò wa ni pé ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ yí ipò ọ̀rọ̀ kan padà nínú gbólóhùn yìí: ó sọ àbọ̀ di olùwà. Ìyípadà náà kéré lójú, ṣùgbọ́n lórí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe Yorùbá gbé ìdájọ́ wọn kà nípa irú ènìyàn tí Yorùbá jẹ́. Ẹni tí ó ń gbé Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ lè fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní Eneka, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor ní Port Harcourt, níbi tí a ti kọ iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ Ikwerre ni onílẹ̀, Yorùbá sì jẹ́ àlejò láàárín àwọn àlejò mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. A kò wá gbèjà olóṣèlú kankan, a kò sì wá bá ẹnikẹ́ni du ìbò tí a ti dì tán. Gírámà ni a bá wá, àti ohun tí gírámà lè fi hàn wá.

Iṣẹ́ tí Kàn ń Ṣe

Bí a bá tú ìsúnkì inú gbólóhùn náà, Èmi ni ó kàn ni a ó rí. Gbólóhùn alátẹnumọ́ ni. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, ipò wo ni èmi wà kí a tó fà á wá síwájú? Ọ̀nà méjì ni a lè gbà wò ó. Bí ó bá jẹ́ ipò olùwà ni ó ti wá, a jẹ́ pé irú ó tí ó wà nínú Èmi ni ó lọ àti Ìwọ ni ó jẹ ẹ́ náà ni ó wà níbí, èyí tí kì í yí padà bí ó ti wù kí ẹni tí a tẹnu mọ́ jẹ́ ẹni kìn-ín-ní tàbí ẹni kejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ipò àbọ̀ ni ó ti wá, inú Ó kàn mí ni a ti fà á yọ. Mí di èmi nígbà tí ó bọ́ síwájú, ó sì dúró fún ohun mìíràn tí kì í ṣe ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ìlò ojoojúmọ́ gbè. Ẹni tí ó ń ta ayò kì í sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé O kàn. Ó kàn ọ́ ni yóò wí. Níbi tí àwọn ènìyàn bá tò sí ní ilé ìwòsàn, Ó kan ìyá yẹn ni a ń gbọ́, kàn olóhùn ìsàlẹ̀ sì ti di kan olóhùn àárín níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Bí a bá sì dárúkọ ohun tí ó dúró fún, gbogbo iyèméjì tán. Nínú Ilé Adé ni oyè kàn, oyè ni olùwà, ilé Adé ni àbọ̀ tí a tẹnu mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ta ni àwo fífọ̀ kàn lónìí? tí ìyá ń béèrè nílé. Ọmọ tí ó bá dáhùn pé Èmi ló kàn kò fi ayọ̀ sọ ọ́. Ó ń jẹ́wọ́ ni.

Àpẹẹrẹ àwo fífọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a fi ń sọ pé nǹkan yí dé ọ̀dọ̀ ẹni, tí a sì fi ń sọ pé nǹkan jẹ́ àjẹmọ́ni: Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, Kò kàn ọ́. Nínú kàn, àǹfààní àti ẹrù kò jìnnà síra wọn. Ohun kan ni ó ń rìn, ó kúrò lọ́dọ̀ ẹnìkan, ó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, yóò sì tún kọjá lọ. Ẹni tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́ ni ó mú un wá.

Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn túmọ̀ gbólóhùn náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìní ni wọ́n lò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni èdè náà ń sọ ọ́. Àsìkò náà di ohun tí ènìyàn ní, bí ẹni ní aṣọ tàbí ilé. A kò lè bá atúmọ̀ jà, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n láti inú ìtumọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wá padà ka Yorùbá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ronú lórí ìkànnì náà wà lára wọn. Èmi di olùwà, ó di agbagidi, kàn sì di ohun tí ènìyàn ń fi agbára gbà.

Ẹnu tí Ó Yẹ kí Ó Ti Jáde

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ìbáwí fún ẹni tí ó sọ ọ́. Ìbáwí wà, ṣùgbọ́n inú àṣà Yorùbá ni ó yẹ kí a ti wá a jáde.

Oyè jíjẹ ni ibi tí kàn ti ní agbára jùlọ láwùjọ wa. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú, ìdílé tí ó ń jọba ju ẹyọ kan lọ, oyè sì ń yí láàárín wọn. Òfin Oyè Jíjẹ ti Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ọdún 1957 àti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ọn wá fi ìwé dì í. Ní Ìbàdàn, ìlà méjì ni, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun, wọ́n sì ń gbà á fún ara wọn. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí Ọba Lékan Balógun, láti ìlà Ọ̀tún, gorí ìtẹ́ Olúbàdàn lẹ́yìn Ọba Sàlíù Adétúnjí láti ìlà Balógun, nígbà tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí ó nílò kí a túmọ̀ ó kàn fún un.

Ìtò ọ̀rọ̀ Tinúbú lọ́jọ́ náà tẹ̀lé ìlànà oyè pátápátá. Ó kọ́kọ́ sọ pé Yorùbá ni ó kàn, lẹ́yìn náà ni ó tó sọ pé láàárín Yorùbá, òun ni. Ìdílé ṣáájú, ọmọ oyè tẹ̀lé e. Àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ náà sì bá ìlànà mu: aṣojú ni wọ́n, àwọn ni wọn yóò dìbò níbi ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá lọ́jọ́ kẹfà oṣù náà, níbi tí ó ti ní ìbò 1,271. Bí a bá ń fi ojú oyè wò ó, àwọn ni afọbajẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Nínú àṣà oyè, ẹnu afọbajẹ ni ó kàn ti ń jáde. Ìdílé lè sọ pé Ilé wa ló kàn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n sì ń gbé e lọ sílé ẹjọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku láti yan ẹnìkan nínú ìdílé, ọmọ oyè a máa rán ènìyàn, a máa bẹ̀bẹ̀, a máa náwó. Ifá ni yóò sọ pé òun ló kàn, tàbí àwọn afọbajẹ. Nígbà tí ọmọ oyè bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tí ó sì fi ìtàn oore tí ó ti ṣe fún àwọn ẹlòmíràn ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe lọ́jọ́ náà nígbà tí ó sọ ti Ààrẹ Muhammadu Buhari àti ti Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún tí ó jókòó níbẹ̀, ó ti gba ipò afọbajẹ mọ́ ti ara rẹ̀. Yorùbá kò fẹ́ràn olóore tí ń ka oore sí ni létí. Lójú tiwa, èyí ni àléébù gidi tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì tó ó bá wí. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé nínú gbogbo ariwo orí ìkànnì, a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìbáwí yìí. Fọ́nrán tí ó tàn kálẹ̀ kò gùn tó ohun tí ènìyàn lè fi mọ ẹni tí ó jókòó, ẹni tí ó dúró, àti ohun tí wọ́n ti jọ ṣe sẹ́yìn.

Èmi tí Ó Di ti Gbogbo Ènìyàn

Kì í ṣe ẹ̀rọ alágbèéká ni ó kọ́kọ́ já ọ̀rọ̀ olóṣèlú gbà lẹ́nu rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Adégòkè Adélabú lo àpólà-ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "peculiar mess", nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn ará Ìbàdàn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé e lọ sọ́jà, wọ́n ṣe ìyípadà fonọ́lọ́jì tí ó yẹ fún un, ó di pẹ̀nkẹ̀lẹ́mẹ́ẹ̀sì, ó sì di orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Títí di òní, ọdún tí ó lé ní 60 lẹ́yìn ikú Adélabú ní 1958, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàyè, Wọlé Ṣóyínká sì fi í sínú àkọlé ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1994.

Ẹ̀gbọ́n èmilókàn ni pẹ̀nkẹ̀lẹ́mẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára mu. Àwọn tí ó yí ọ̀rọ̀ Adélabú padà ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ohùn rẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣì í pè, ìfẹ́ wà nínú àṣìpè náà. Ìyípadà tí wọ́n ṣe fi kún ọ̀rọ̀ náà ni. Ti 2022 yàtọ̀: púpọ̀ nínú àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé Abẹ́òkúta rí, wọn kò sì ní láti dé ibẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo gbólóhùn mìíràn tí ìkànnì gbé ga, Ó tó gẹ́, tí àwọn alátakò ìdílé Sàràkí lò ní Ìpínlẹ̀ Kwara kí ìdìbò 2019 tó wáyé. Bùkọ́lá Sàràkí pàdánù ipò sẹ́nétọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 23, oṣù kejì ọdún náà, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì pàdánù ipò gómìnà ní oṣù kẹta. Nínú Ó tó gẹ́, kò sí èmi, kò sí ìwọ. Ó nìkan ni olùwà, ó sì fi ààyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí nǹkan ti sú láti wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún gbogbo ìlú láti gbé e.

Èmi ló kàn ní èmi ní gbangba, ó sì yẹ kí èyí dí àwọn ẹlòmíràn lọ́nà. Òdì-kejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Èmi kò dúró sójú kan. Ẹni tí ó bá la ẹnu pè é ni ó ń tọ́ka sí. Nígbà tí Tinúbú sọ ọ́, Tinúbú ni. Nígbà tí ọmọbìnrin kan kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun ni, ọkọ ni ó sì ń retí. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tí kò tíì gba owó oṣù kọ ọ́, owó ni. Nínú àwọn ẹ̀fẹ̀ wọ̀nyí, ẹ kíyè sí i, kàn padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́: ohun kan ń bọ̀, ẹnìkan ń retí rẹ̀. Àwọn aláwàdà gbọ́ Yorùbá gbólóhùn náà ju ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣèlú lọ. Nípasẹ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ olóṣèlú náà fi wọ ilé àwọn tí kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò mọ iye tí ẹnikẹ́ni ì bá san fún irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Twitter gan-an, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀fẹ̀ náà ti wáyé, ìjọba tí ẹgbẹ́ kan náà ń ṣe ni ó tì í láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìn-ín-ní 2022.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ kù. Bí a ṣe ń kọ àmì ìdánimọ̀ lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí kò gba àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ kì í sì í sábà fi àmì ohùn sí i. Gbólóhùn wa di Emilokan. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè kà á bí ẹ̀mí tàbí èmi, bí ló kàn tàbí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìpalára tí ó tóbi jù kì í ṣe ti ohùn. Nígbà tí a lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ni ó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tí ó rí ó mọ́. Èyí rán wa létí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tẹnu mọ́ ní 1978, pé àpólà-orúkọ ni irú ìhun alátẹnumọ́ yìí, tí ohun tí ó tẹ̀lé ni sì jẹ́ ẹ̀yán. Àwọn onígírámà kan kò gbà fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìkànnì ṣe ẹlẹ́rìí kò ní í jèrè púpọ̀ nínú àríyànjiyàn náà, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ wa pé àwọn tí kò ka gírámà kankan sọ gbólóhùn náà di orúkọ, wọ́n sì ń lò ó bí orúkọ.

Emilokan ní Obio/Akpor

Ní ọjọ́ 25, oṣù kejì, 2023, a dìbò yan ààrẹ. Ní Ìpínlẹ̀ Rivers, àjọ INEC kéde ìbò 231,591 fún Tinúbú, 175,071 fún Peter Obi àti 88,468 fún Atiku Abubakar. Àwọn ènìyàn ti ya àwòrán ìwé èsì ibùdó ìdìbò wọn, wọ́n sì ti fi wọ́n sórí WhatsApp. Nígbà tí àwọn oníròyìn BBC ṣe ìwádìí lórí èsì Obio/Akpor lọ́dún náà, àròpọ̀ tí wọ́n rí nínú àwọn ìwé èsì fi Labour Party síwájú, èyí tí a kéde sì fi APC síwájú. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fọwọ́ sí ìyànsípò Tinúbú ní ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, 2023. Láti ọjọ́ tí a ti kéde èsì ni Emilokan ti ní ìtumọ̀ tuntun ní àdúgbò wa: ó túmọ̀ sí kí ènìyàn gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tí ó ń lò ó bẹ́ẹ̀ ní ìdí wọn. A kò lè fi gírámà pa ẹ̀dùn wọn rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà rìn dé. Nínú ẹgbẹ́ àwọn onílé kan ní Eneka, tí wọ́n ń lo WhatsApp láti fi gba owó tírànsífọ́mà àti ti ọlọ́dẹ, bàbá kan tí ó jẹ́ Yorùbá dábàá pé kí ipò alága kúrò ní òpópónà kan lọ sí òmíràn, nítorí ọdún mẹ́fà ni ó ti wà lójú kan. Ẹnìkan fèsì ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun mọ̀ tẹ́lẹ̀; pé Emilokan ni gbogbo Yorùbá. Ọ̀pọ̀ fi àmì ẹ̀rín sí i. Bàbá náà kò sọ pé òun fẹ́ ṣe alága. Kò tilẹ̀ gbé ní òpópónà tí ó dárúkọ. Èyí tí ó dábàá gan-an ni kàn ní ìtumọ̀ rẹ̀ tòótọ́: kí ohun tí ó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan rìn dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tí ì bá ràn án lọ́wọ́ ni wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Kò tún dá ẹgbẹ́ náà lóhùn mọ́ fún ìgbà pípẹ́, owó nìkan ni ó ń san.

Kò sì sí ibi tí ó yẹ kí a ti tètè gbọ́ ó kàn yé ju Ìpínlẹ̀ Rivers lọ. Rotimi Amaechi, ọmọ Ikwerre, ṣe gómìnà láti 2007 sí 2015. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó lọ, àwọn ará etí omi ń wí pé àwọn ni ó kàn. Nyesom Wike, ọmọ Ikwerre láti Obio/Akpor níbí, ni ó tún wọlé, ó sì lo ọdún mẹ́jọ. Ní 2023 ni ipò náà tó dé ọ̀dọ̀ Siminalayi Fubara láti Opobo. Fún ọdún 16, gbogbo ènìyàn ní ìpínlẹ̀ yìí ń jiyàn lórí ẹni tí ipò kàn, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Píjìn, ní Ikwerre, ní Kàlábàrì. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwà ẹ̀yà kan ni. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni a fi ń dárúkọ ohun tí gbogbo wa ń ṣe, ẹni tí ó ni èdè sì ni a gbé e lé lórí.

Èyí kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń mú fọ́nrán wá sí kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìlò, ó sì yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gba ìjálá tàbí ìyẹ̀rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni kí a béèrè lọ́wọ́ wọn: ta ni ó sọ ọ́, fún ta, níbo, kí ni ó ṣáájú, kí ni ó tẹ̀lé? Bí wọn kò bá rí ọ̀rọ̀ náà lódindi, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjákù ni. Ní ti ẹni tí yóò ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá tuntun, a dábàá kí ó fún èmilókàn ní ààyè tirẹ̀, kí ó pè é ní ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ó fi ọdún 2022 sí i, kí ó kọ ìtumọ̀ rere àti búburú tí ó ti ní láti ìgbà náà, títí kan ti Port Harcourt. Lábẹ́ kàn, kí ó fi àpẹẹrẹ ayò, ti oyè àti ti àwo fífọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ti wà.